Aago Ihò Keje

Lọ́jọ́ tí Senga Rennie kọ́kọ́ fojú kan Wiebe, inú igbó ló lóṣòó sí, ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ wà ní orúnkún, ó sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí ẹnikẹ́ni má yọ.

Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ife tíì mẹ́ta ló mu kó tó gun òkè lọ gé koríko ihò keje pápá gọ́ọ̀fù, òtútù òwúrọ̀ ìlú Strathlorn kì í sì í wojú opó. Ìtọ̀ kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ìyá àgbà bíi tèmi mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ; igbó tó ti rí ìdí mi rí ní Skọ́tílándì yìí ju èyí tí mo lè kà lọ.

Ẹ̀yìn òkè ni ihò keje fara pamọ́ sí. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù láti ìsàlẹ̀ kò lè rí àsíá, kò lè rí ihò, kò lè rí ẹni tó wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí aago idẹ kan fi wà lórí òpó lẹ́bàá rẹ̀. Bí àwọn tó ṣáájú bá ti gbá tiwọn tán, wọ́n á lù ú, kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ lè mọ̀ pé ọ̀nà ti ṣí. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, àwọn bàbá méjì ti lu aago, wọ́n ti bá tiwọn lọ. Senga wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bọ́ sínú igbó.

Kò tíì ṣe tán tí bọ́ọ̀lù funfun kan fi já láti ojú ọ̀run. Ó balẹ̀ lórí koríko gígé, ó ta lẹ́ẹ̀mejì, ó yí gbirigbiri, ó sì dúró. Ìṣísẹ̀ kan péré ló kù kó dé ihò.

"Mo gbé!" ni Senga wí. Ó fa ṣòkòtò sókè, ó fi ọwọ́ kan di ìbàdí rẹ̀ mú, ó fò jáde kí olówó bọ́ọ̀lù tó yọ lórí òkè. Gbòǹgbò kan ló kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ó ré lọ síwájú bí ọ̀mùtí, imú bàtà róbà rẹ̀ kan bọ́ọ̀lù náà pẹ́ẹ́, bọ́ọ̀lù sì rọra yí lọ, ó wọ inú ihò. Kóró.

Kó tó lè bẹ̀rẹ̀ kó yọ ọ́, ọkùnrin náà ti dé. Ó ga, ó tín-ín-rín, irun etí rẹ̀ ti funfun, ó wọ súẹ́tà kan tó pọ́n bí ọsàn tó gbó, tí àgùntàn orí òkè kejì gan-an lè rí. Àpò awọ àtijọ́ kan tó kún fún ọ̀pá gọ́ọ̀fù wà léjìká rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí bọ́ọ̀lù kan?"

Senga kò tíì de bọ́tìnnì ṣòkòtò rẹ̀. Ó fi apá méjèèjì bò ó. "Bọ́ọ̀lù?"

"Funfun ni. Bóyá ó ti wọnú igbó yẹn." Ọkùnrin náà sì kọrí síbẹ̀.

"Kò sí níbẹ̀!" Senga pariwo débi pé ẹyẹ méjì fò. "Ẹ má wọ ibẹ̀. Ibẹ̀ ò dáa. Ó... ó tutù."

Ọkùnrin náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yà sí ibi àsíá kó lè ti ibẹ̀ wo yíká. Ìgbà náà ló wo inú ihò.

Kò pariwo. Ó kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́ lórí koríko tútù, ó mú bọ́ọ̀lù náà jáde, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà. "Bàbá," ló wí, omijé ti dé. "Ẹ ti ṣe é."

Kí bọ́ọ̀lù tí èèyàn gbá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo wọ ihò tààrà, ẹlòmíì á gbá gọ́ọ̀fù títí tí eyín rẹ̀ á fi ká, kò ní rí i. Wiebe Hoekstra ni orúkọ òun, ọkùnrin náà wí, òun ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Họ́láǹdì. Ọdún mọ́kànlélógójì ni bàbá òun fi gbá gọ́ọ̀fù, kò rí i. Ìgbà òtútù tó kọjá ló kú. Ó fi àpò ọ̀pá yìí sílẹ̀, àti àwòrán ilẹ̀ Yúróòpù kan tó ti fi tádàwá pupa sàmì sí pápá mẹ́sàn-án tó wù ú láti dé. Àwọn pápá ìlú ni gbogbo wọn, tí tálákà àti olówó jọ ń gbá. Strathlorn ló gbẹ̀yìn. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: ibí ló lẹ́wà jù.

"N kò mọ̀ ọ́n gbá rárá," ni Wiebe wí, ó ń fi apá aṣọ nu imú. "Ẹ wo apá mi. Ẹ gbà mí gbọ́, ọwọ́ bàbá mi ló tì í wọlé."

Ẹsẹ̀ ọ̀tún Senga gbóná nínú bàtà róbà bí ẹni pé wọ́n da ẹyin iná sí i.

"Mo dá nìkan wà," ni Wiebe ń wí lọ, "wọ́n sì ní ẹni tó dá nìkan gbá ò lè jẹ́rìí ara rẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ rí i tó wọlé?"

Ẹ gbọ́ o. Ká ní ó bi í pé ta ló gbá a wọlé ni, bóyá ì bá jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́wọ́, á sọ ohun tó wá ṣe nínú igbó, á sọ ìdí tó fi ń sáré, á sì gba omijé ayọ̀ lójú ọmọ òrukàn tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí bọ́tìnnì tí òun kò tíì dè. Rárá, bọ́tìnnì Senga ni, ọwọ́ Senga ni. Ìtìjú ọ̀rọ̀ yìí ti ń dà mí lórí rú.

"Mo rí i tó wọlé," ni Senga wí.

Òtítọ́ ni. Ibi tó burú sí gan-an nìyẹn. Ó gba káàdì tí wọ́n ń kọ iye gbígbá sí lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó fọwọ́ sí i.

*

Bàbá Senga, Wattie Rennie, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ló ń jókòó nínú ahéré onípákó níbi tí pápá ti bẹ̀rẹ̀, òun ló sì ń fi ọ̀dà wúrà kọ orúkọ àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan tó wọlé sára pátákó ńlá tó wà nínú ilé ìgbafẹ́ pápá. Gbogbo Strathlorn ló ń ṣí fìlà fún un. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó kù díẹ̀ kó gba ife ẹ̀yẹ ìlú, bọ́ọ̀lù rẹ̀ mì nínú koríko gíga kí ọ̀pá rẹ̀ tó kàn án. Bí ìbú igi ìṣáná ló mì. Kò sẹ́ni tó rí i. Wattie gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí wọ́n fi ẹyọ kan kún iye gbígbá tòun, bẹ́ẹ̀ ẹni tí gbígbá rẹ̀ kéré jù ló ń borí. Ẹyọ kan náà ni wọ́n fi nà án. Orúkọ ẹlòmíì ló wà lára ife, ṣùgbọ́n Wattie ni àwọn èèyàn ń sọ ìtàn rẹ̀ fún ọmọ wọn.

"Ta ló rí i?" ni Wattie bi Wiebe.

"Ọmọbìnrin yín ni, Bàbá."

Wattie yí ojú sí Senga. "Ìwọ rí i?"

"Mo rí i tó wọlé, Bàbá."

"Ó tán nìyẹn," ni Wattie wí, ó sì nawọ́ sí ìgò ọ̀dà. Kò tún bèèrè nǹkan kan. Ọmọ òun ni.

Àṣà ni pé ẹni tí bọ́ọ̀lù bá wọlé fún bẹ́ẹ̀ á ra wisikí fún gbogbo ẹni tó bá wà nínú ilé. Wiebe ra fún gbogbo wọn, ajá ọ̀gbẹ́ni apẹja kan pàápàá rí bíà lá. Netta tó ń ta ọtí, ọ̀rẹ́ Senga láti kékeré, na ife sí i.

"Kí ló dé tí ojú ẹ pọ́n tó báyìí? Ọtí ni àbí ọkùnrin?"

"Jọ̀ọ́, fi mí sílẹ̀."

"Ọkùnrin ni! Ọdún kẹjọ rèé tí ọkọ ẹ ti kú, mo ti rò pé ilé ìdáná ẹ ti ti pa."

"Netta, màá da ọtí yìí sí ẹ lórí."

"Dà á. Á wẹ irun mi. Ó sàn ju kó o máa wo èjìká àjèjì bí ológbò tó ń wo ẹja."

Èjìká náà dára lóòótọ́. Senga gbé wisikí mì, kò dùn mọ́ ọn lẹ́nu.

*

Ọjọ́ kejì ló yẹ kí Wiebe wakọ̀ lọ, kó sì wọ ọkọ̀ ojú omi padà sílé. Kò lọ. Ó ní òpó aago ihò keje ti wọ́, àti pé ẹni tó ń kan ọkọ̀ ò lè rí igi wíwọ́ kó kọjá lọ. Òpó tí ọmọkùnrin kan á gbẹ́ ní ọjọ́ méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi gbẹ́ ẹ.

"Òpó yìí," ni Wattie bi í, "ṣé àwọn ẹranko Nóà ló máa wọ̀ ọ́ ni?"

"Bàbá, igi yín ló le."

"Igi ni, àbí obìnrin tó ń gbé tíì wá fún ẹ?"

Wiebe á pọ́n létí. Senga á yára gbé ife kúrò.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n á rìn láti ihò kìíní títí dé ìkẹsàn-án, lábẹ́ àwọn igi ńlá, létí odò tí ẹja ti ń fò. Senga kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ọ̀pá mú. Wiebe gbá bọ́ọ̀lù sínú odò. "Ẹja ò ṣẹ̀ ẹ́ o," ni Senga wí, Wiebe sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Láàárín ìrìn yẹn ni "ẹ̀yin" àti "ẹ jọ̀ọ́" ti bọ́ sílẹ̀ láàárín wọn, kò sì sẹ́ni tó padà lọ ṣà wọ́n.

Ní ọjọ́ Àìkú, Senga se ẹran lílọ̀ àti ọ̀dùnkún fún un.

"Ọlọ́run mi," ni Wiebe wí. "Kí lo fi sínú ọ̀dùnkún yìí?"

"Iyọ̀."

"Kì í ṣe iyọ̀ nìkan."

"Iyọ̀ àti bọ́tà. Jẹun, má tàn mí, èmi kì í ṣe ọmọ ogún ọdún."

"Mo dúpẹ́ pé o kì í ṣe ọmọ ogún ọdún, ẹlẹ́rìí mi."

Orúkọ tó fún un nìyẹn. Ẹlẹ́rìí mi. Àwọn ọkùnrin mìíràn a máa pe obìnrin ní oyin, ní ẹyinjú. Bí Wiebe bá ti sọ tirẹ̀, ohùn rẹ̀ á rọ̀ bí ìyẹ́, Senga á sì rí i bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún òun. Tó bá wọ ilé ìgbafẹ́, kì í wo ògiri tí pátákó wà. Orúkọ Wiebe ń dán níbẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ gbígbọ̀n bàbá rẹ̀ nínú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó ti gbìyànjú láti sọ ọ́ nígbà mẹ́rin. Nígbà kẹta, ó ti ní, "Wiebe, ọjọ́ yẹn, mo wà nínú igbó," ọkùnrin náà sì dáhùn pé, "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ igbó náà." Kí lèèyàn fẹ́ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ?

Lọ́jọ́ tí òpó parí, Wiebe gbé aago kọ́ ọ, ó di ọwọ́ Senga mú.

"Ẹlẹ́rìí mi, mo fẹ́ bi ẹ́ ní nǹkan. Nígbà tí bọ́ọ̀lù yẹn wọlé, mo mọ̀ pé bàbá mi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, má lọ mọ́, ibí ni kó o jókòó sí. Bí o bá lè fara da ẹni tó ń sun hanrun bíi tèmi..."

"Dákẹ́," ni Senga wí. "Má bi mí. Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ná. Kì í ṣe bàbá ẹ. Èmi ni."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ife tíì mẹ́ta, igbó, ṣòkòtò, gbòǹgbò, bàtà. Kò fi nǹkan kan pamọ́, kò sì lè gbé ojú sókè. Ó dé ibi káàdì. "Mo rí i tó wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ló gbé e wọlé. Bí o bá máa fẹ́ mi nítorí bọ́ọ̀lù yẹn, kò sí bọ́ọ̀lù kankan, Wiebe."

Afẹ́fẹ́ fẹ́, àsíá mì. Wiebe tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó gbé ohun fífọ́ kalẹ̀.

"Ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún mi," ló wí.

*Ẹ.* Senga gbọ́ ọ. Ká ní ó gbá a létí, kì bá dùn ún tó bẹ́ẹ̀.

*

Kí ọkùnrin náà tó dé ìsàlẹ̀, Senga ti sáré gba ọ̀nà àárín igi, ó ti dúró síwájú bàbá rẹ̀ nínú ahéré. Kò fẹ́ kí ẹlòmíì sọ ọ́ fún un. Wattie gbọ́ ọ tán, kò bínú, kò pariwo. Ó mú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ kan, ó wọ ilé ìgbafẹ́, ó gun àga, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ha orúkọ náà kúrò níwájú gbogbo èèyàn.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń kọ ọ́," ló wí, kò yíjú. "N kò ha ìkankan rí."

Èépá wúrà ń já bọ́ sí èjìká rẹ̀ bí eruku. Senga dúró síbẹ̀ títí tó fi parí, nítorí pé ó yẹ kó dúró. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Wọn ò sọ ohun tí èèyàn á ṣe bí ẹ̀sín bá ti dé, tí ikú ò sì yá.

Wiebe lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo Strathlorn ti gbọ́ ọ̀rọ̀ igbó. Àwọn àgbà ọkùnrin tó bá gbá bọ́ọ̀lù dé ihò keje á lu aago, wọ́n á kọjú sí igbó: "Senga! Ṣé o wà níbẹ̀? Ṣé o ti ṣe tán?" Ní ilé búrẹ́dì wọ́n bi í bóyá ó fẹ́ tíì. Kódà àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì wú ikọ́ nígbà tó ń kí i.

"Wọ́n á gbàgbé," ni Netta wí.

"Nígbà wo?"

Netta rò ó. "Nígbà tí àwa méjèèjì bá ti kú."

Senga rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún, Netta sì gbá a mọ́ra lẹ́yìn kàǹtà ọtí. Ẹ̀sín ìlú kò dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń dùn ún ni bó ṣe rí ojú Wiebe lórí òkè, bí ọkùnrin tí bàbá rẹ̀ tún kú lẹ́ẹ̀kejì.

Ìgbà òtútù bo pápá. Yìnyín bo igbó, ó bo aago. Wattie kò dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́, àfi alẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n jọ jókòó nídìí iná.

"Igi ìṣáná yẹn," ló wí lójijì, "èyí tí bọ́ọ̀lù mi fi mì. O mọ̀ pé n kò gbé ọwọ́ sókè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀?"

"Bàbá?"

"Mo kọ́kọ́ gbá a. Mo gbá a dé ihò tó tẹ̀ lé e. Ìgbà tí mo dé ibẹ̀ ni n kò lè gbé ẹsẹ̀ mọ́." Ó gún iná. "Àwọn èèyàn kì í sọ ibẹ̀ nínú ìtàn. Ọ̀nà jíjìn ni ihò kan sí òmíràn, ọmọ mi. Tìẹ gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. O dé ibẹ̀."

*

Oṣù kẹrin, nígbà tí àwọn òdòdó odò yọ, Wattie wá bá a níbi tó ti ń pọ́n abẹ ẹ̀rọ koríko.

"Ẹnì kan wà nísàlẹ̀ òkè ihò keje. Òun nìkan ló fẹ́ gbá. Ó ní òun nílò ẹlẹ́rìí."

Ọwọ́ Senga dúró lórí abẹ.

"Èmi ò lè gun òkè," ni bàbá rẹ̀ wí. "Eékún mi."

Ó ti gun òkè náà lánàá, ó sì kọrin lọ, kọrin bọ̀.

Senga gùn ún. Kò wọ inú igbó. Ó dúró gbangba lẹ́bàá àsíá, nínú bàtà róbà kan náà. Bọ́ọ̀lù kan kọjá lórí òkè. Ó fò kọjá àsíá, ó fò kọjá koríko gígé, ó sì wọ àárín igbó yẹn gan-an, gbàgà.

Súẹ́tà pípọ́n yọ lórí òkè.

"Níbo ló wà?" ni Wiebe bi í.

Senga nawọ́. "Níbẹ̀."

"Kò sí ibòmíràn tí ì bá lọ." Ó wọ inú igbó. Senga gbọ́ ọ̀pá, ó gbọ́ ẹ̀ka igi. "Méjì!" ló kígbe. Ẹ̀ka tún ya. "Mẹ́ta! Ó ṣì wà níbí!" Nígbà tó pé mẹ́rin ó jáde, ewé wà lórí rẹ̀. Ó gbá a kọjá ihò, ó gbá a padà, ó tì í. Ó wọlé. Ó mú káàdì wá bá Senga.

"Méje. Ṣé bẹ́ẹ̀ lo rí i?"

"Méje ni," ni Senga wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti eṣinṣin lọ. "Mo ka gbogbo rẹ̀."

"Fọwọ́ sí i."

Ó fọwọ́ sí i. Wiebe ò gba káàdì náà padà.

"Inú bí mi títí di oṣù kìíní," ló wí. "Lọ́jọ́ kan, mo ń gbẹ́ igi ọkọ̀, mo rántí bí o ṣe pariwo pé kí n má wọ igbó, pé ibẹ̀ tutù. Mo bú sẹ́rìn-ín. N kò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ látìgbà tí bàbá mi ti kú. Senga, ká ní o mọ bàbá mi! Bó bá gbọ́ pé bàtà obìnrin kan tó ń sá kúrò nídìí ìtọ̀ ló fún òun ní ohun tóun wá fún ọdún mọ́kànlélógójì, á di ògiri mú kó má baà ṣubú."

Senga fi ọwọ́ bo ojú. "Má sọ ọ́ mọ́. Ojú ń tì mí."

"Jẹ́ kó tì ẹ́. Èmi náà, ojú ń tì mí. O sọ òtítọ́ fún mi níbi tí kò sẹ́ni tó lè mú ẹ, mo sì fi ẹ́ sílẹ̀ níbí, tí gbogbo ìlú ń fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́." Ó mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lójú rẹ̀. "N kò wá nítorí bọ́ọ̀lù. Mo gbá méje. Méje náà ti tó fún mi láti jókòó síbí. Ṣé o lè fara da ẹni tó ń sun hanrun, ẹlẹ́rìí mi?"

Lọ́tẹ̀ yìí, orúkọ náà kò gún un.

"Báwo ló ṣe pọ̀ tó, hanrun náà?"

"Àwọn aládùúgbò ti kó lọ."

"Èmi náà ń sun hanrun," ni Senga wí. "Netta ní bí ẹ̀rọ koríko ni."

Ó fẹnu kò ó lẹ́nu, ewé igbó já bọ́ láti orí rẹ̀ sí orí Senga. Nísàlẹ̀ òkè, ẹnì kan wú ikọ́ kíkan, bí ẹni tó ti ń dúró tipẹ́ tí eékún sì ti ń dùn ún.

"Bàbá ẹ ni," ni Wiebe sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó ní bí o bá gbà, kí n lu aago. Bí o kò bá gbà, kí n máa bá odò lọ, òun ò fẹ́ fojú kàn mí."

Senga nu ojú, ó tún bọ́tìnnì ṣòkòtò rẹ̀ yẹ̀ wò, nítorí èèyàn kì í mọ̀. Ó rìn lọ sídìí òpó tó dúró ṣánṣán, ó di okùn mú, ó sì lu aago náà fúnra rẹ̀, títí gbogbo Strathlorn fi gbọ́ pé ọ̀nà ti ṣí.